Ta Ló Dí Fèrèsé Balùwẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi kí àwọn abùmọ́ tó dé. Nǹkan dúdú tó bo ògiri balùwẹ̀ ilé wa ní Ṣómólú yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Hypo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ ojú ni: ojú méjì tí ẹnì kan ní òun rí lójú fèrèsé. N ó débẹ̀. Ẹ fún mi ní àpótí yẹn kí n jókòó ná. Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìdúró, tí mò ń gbọ́ ìjà Ìyá Ẹlẹ́kọ àti oníbàárà tó fẹ́ ra àwìn lé àwìn. Ìyẹn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ mọ ilé wa. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni, yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ lẹ́yìn. Balùwẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́, àmọ́ Bàbá Lándíládì ti sọ ọ̀kan di ibi tó ń kó àpò símẹ́ńtì àti jẹnẹrétọ̀ tó ti kú sí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù fún gbogbo wa. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá Ìbejì á wọlé pẹ̀lú omi tó gbóná débi pé a lè fi tu ìyẹ́ adìẹ, á pẹ́ níbẹ̀ títí, á ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Bó bá jáde, oru á tẹ̀lé e jáde, ògiri á máa làágùn. Ẹlòmíràn á tún wọlé. Títí oòrùn á fi yọ gangan, ògiri yẹn ò ní rí ìsinmi. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá fi òjò Èkó kún un. Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Bó bá sinmi díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, á tún padà wá nínú Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ rin. Iyọ̀ inú agolo ń yọ́, aṣọ tí a sá láàárọ̀ àná ṣì tutù lálẹ́ òní. Ibo wá ni omi ara ògiri balùwẹ̀ fẹ́ gbà lọ?

Bí èéhù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Igun òkè, níbi tí ògiri ti pàdé àjà, ló ti kọ́kọ́ yọ: tóótòòtó dúdú tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kò pẹ́, tóótòòtó fọwọ́ kan ara wọn, wọ́n di roboto-roboto, roboto-roboto náà sì para pọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sórí táìlì. Símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dí àárín táìlì dúdú kanlẹ̀. Bí o bá fi ìka fà á, á fà tẹ̀lé ọ, á sì bá ọ dé yàrá lábẹ́ èékánná. Kànìnkànìn tí Bọ̀dá Télọ̀ máa ń fi kọ́ sórí ìṣó níbẹ̀, òun náà hu. A sọ fún un. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn látọjọ́ tí òun ti rà á. Ẹni tó gba aṣọ Iléyá lọ́wọ́ èèyàn tó ń gbé e fún un ní Kérésì, irọ́ wo ni kò lè pa?

Ìyàwó Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ fún nǹkan náà lórúkọ. Ó ní ẹ̀tẹ̀ ni. Gbogbo wa figbe ta. Ó ní ká fọkàn balẹ̀, ó wà nínú Bíbélì, ó sì lọ gbé e wá: Léfítíkù, orí kẹrìnlá. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Bí onílé bá rí àpá tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé tàbí tó pọ́n, tó sì jìn wọ ògiri, kí ó lọ sọ fún àlùfáà. Àlùfáà á ní kí wọ́n kó ẹrù jáde, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì ti ilé náà pa fún ọjọ́ méje. Bó bá padà dé tó rí i pé ó ti ràn, wọ́n á yọ òkúta ibẹ̀ dà sẹ́yìn ìlú, wọ́n á ha inú ilé náà yíká, wọ́n á fi òkúta mìíràn rọ́pò, wọ́n á sì fi ohun tuntun rẹ́ ẹ. Bó bá tún yọ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n á wó ilé náà. Ibi tí Ìyàwó Pásítọ̀ kà á dé nìyí tí Bàbá Lándíládì fi yọjú látẹ̀yìn aṣọ ìkélé rẹ̀, tó ní, "Ilé ta ni ẹ fẹ́ wó?"

Ẹ sáà rí i pé láyé Mósè, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kun ọ̀dà lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ni Bàbá Lándíládì gbé jáde, aláwọ̀ ewé, àjẹkù èyí tó fi kun ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. Kunlékunlé dé, kò ha nǹkan kan, kò fọ nǹkan kan, kò dúró kí ògiri gbẹ. Ó po ọ̀dà, ó yí i mọ́ ògiri, ó gbowó, ó lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀dà fi wú, tó ń ṣí bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́, tí dúdú sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Etí Ìyá Ẹlẹ́kọ nìkan ni mo sọ èyí sí. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá Lándíládì, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ yìí náà ní ọmọbìnrin kan ní Manchester, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Bó bá ti pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò, gbogbo ilé la jọ ń gbọ́, torí Ìyá Ẹlẹ́kọ gbà pé bí ibi tí èèyàn wà bá ṣe jìnnà tó ni ariwo wa gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Lọ́jọ́ tí ọ̀dà ṣí, ó gbé fóònù wọ balùwẹ̀ kí ọmọ lè bá wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní ìlú Rochdale, tí kò jìnnà sọ́dọ̀ òun, ọmọdékùnrin kan wà tó ń jẹ́ Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì péré. Èéhù kún ilé tí àwọn òbí rẹ̀ háyà. Wọ́n fẹjọ́ sun àwọn tó ni ilé. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé kí wọ́n kun ọ̀dà lé e. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ọmọ náà kú. Nínú Oṣù Kọkànlá ọdún 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ ọ́ ní gbangba pé èéhù tí ọmọ náà ń fà símú nínú ilé yẹn ló ṣokùnfà ikú rẹ̀. Ni wọ́n bá fi orúkọ ọmọ náà pe òfin kan nílùú Ọba. Láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2025, bí ayálégbé ilé ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń pèsè ilé fún mẹ̀kúnnù bá fẹjọ́ èéhù tó léwu sùn, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún onílé láti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ti pàjáwìrì, wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Gbogbo wa dákẹ́. Kálukú ń fojú ka àwọn ọmọ tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Bàbá Lándíládì nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá wu, kó lọ háyà yàrá ní Rochdale.

Kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nísàlẹ̀ ògiri, létí ihò tí omi ń gbà jáde, nǹkan kan tún wà tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń yọ̀. Wòlíì kan tó wá gbàdúrà fún Ìyá Ìbejì rí i, ó mi orí, ó ní ẹ̀jẹ̀ ni, ẹnì kan nínú ilé yìí ń jẹun lóru. Ó ní kí wọ́n ra àbẹ́là méje. Àbúrò Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èyí tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì, ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bakitéríà ni, kì í tiẹ̀ ṣe èéhù rárá, Serratia marcescens ni wọ́n ń pè é, ibi tó bá tutù tí ọṣẹ sì ṣẹ́kù sí ló máa ń fẹ́ràn. Ó ní àwọn ará Ítálì náà ti pè é ní iṣẹ́ èṣù rí. Lọ́dún 1819, ní Legnaro lẹ́bàá ìlú Padua, ẹ̀kọ àgbàdo wọn tí wọ́n ń pè ní polenta ṣàdédé pọ́n bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ìpayà bá gbogbo àdúgbò. Apòògùn kan, Bartolomeo Bizio, ló gbé polenta tuntun síbi tó móoru tó sì rin, ìyẹn náà tún pọ́n, ló bá fi yé wọn pé ohun ẹlẹ́mìí kan ló ń hù nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ tí Ìyá Ẹlẹ́kọ gbọ́ nínú gbogbo àlàyé yìí nìkan ló mú. Ó dìde, ó so ìborùn mọ́dìí: ta ló ní ẹ̀kọ òun ń pọ́n? A bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ṣáà ra àbẹ́là náà. Òun la tàn nígbà tí iná lọ.

Ohun tó fẹ́ pa wá gan-an kì í ṣe èéhù, Ìyá Ìbejì ni. Ó bínú lọ́jọ́ Sátidé kan, ó da Hypo sára ògiri àti sílẹ̀. Kò tíì fi omi ṣàn án tó tún da tọ́lẹ́ẹ̀tì wọ́ọ̀ṣì lé e, èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike lọ́jà, tó jẹ́ ásíìdì pọ́ńbélé. Ó ní bí oògùn bá di méjì, àìsàn á tètè sá. Èéfín tó jáde níbẹ̀, ọ̀tá mi ò ní fà á símú. Ojú ń ta, ọ̀nà ọ̀fun ń ta. Ìyá Ìbejì ń wúkọ́ sáré jáde pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì láyà, Bọ̀dá Télọ̀ sì yára fọwọ́ bo ojú ara rẹ̀ kí wọ́n má bàa tún fẹ̀sùn kàn án. Ẹ mú ìyẹn dání, ó nídìí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló kó gbogbo wa jáde sí gbangba. Ó ní gáàsì chlorine nìyẹn, òun náà ni àwọn Jámánì tú sí àwọn sójà ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1915. A kì í po Hypo mọ́ ásíìdì, a kì í pò ó mọ́ fínígà, a kì í pò ó mọ́ ohunkóhun tó ní ammonia nínú. Omi lásán la fi ń là á: ife Hypo kan, gálọ́ọ̀nù omi kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, ó wá là wá lọ́yẹ̀. Ó ní mọ̀lẹ́bí olú oko ni èéhù, mọ̀lẹ́bí làpálàpá orí ọmọdé sì ni. Èso rẹ̀ kéré débi pé ojú ò rí i, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbé, kò sì síbi tí kò sí: ó wà ní yàrá tèmi, ó wà ní tiyín, ó wà láàfin. Ẹnikẹ́ni ò lè pa á tán. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, a ó rò pé ó ti lọ. Ó kàn sùn ni, àkọ́rọ̀ òjò á jí i. Oúnjẹ ò wọ́n ọn: ìdọ̀tí ara wa, ọṣẹ, ọ̀dà, pákó. Omi nìkan ló kù tó ń wá. Ohunkóhun tó bá rin, tí kò gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti gba èéhù lálejò. Àwọn onímọ̀ ní kí ọ̀rinrin inú ilé má ju ìdá 60 nínú 100 lọ. Nínú Oṣù Kẹfà l'Ékòó, níbo lẹ ti fẹ́ rí ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ò bá rọ́nà gbà?

Ó ní lórí táìlì, Hypo ń ṣiṣẹ́, torí táìlì kì í mu omi. Ṣùgbọ́n ògiri tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ń mu ún. Hypo á sọ ojú rẹ̀ di funfun, gbòǹgbò á wà nínú, omi tó bá Hypo wọlé á sì di ohun mímu fún un. Èyí tó bá tiẹ̀ kú, bí a ò bá ha á dànù, ó ṣì lè máa múni sín, kó máa múni wúkọ́, àgàgà ẹni tó ní ikọ́ fée. Ó ní látọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìwé jáde lórí rẹ̀, pé àìsàn èémí máa ń pọ̀ lára àwọn tó ń gbé ilé tó rin. Ó wo Ìyàwó Pásítọ̀, ó ní, "Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Kí ló dé tí balùwẹ̀ yìí kì í gbẹ?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Pákó tí wọ́n kàn mọ́ ojú fèrèsé ni gbogbo wa ń wò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ojú ti dé. Fèrèsé yẹn kéré, ṣùgbọ́n ó dojú kọ ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ máa ń gba ìhín wọlé, á gba ọ̀hún jáde. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ èéhù nínú ilé wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Ìyá Ìbejì figbe ta nínú balùwẹ̀ pé òun rí ojú méjì tó ń tàn yanran lójú fèrèsé. A sáré dé ẹ̀yìnkùlé, Bọ̀dá Télọ̀ la bá níbẹ̀, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó ní òun wá tọ̀ ni. Tọ̀ kẹ̀? Nígbà tí ṣáláńgá wà? Ìpàdé tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, àkùkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa parí ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di ẹrù lọ sílé ìyá rẹ̀. Bàbá Lándíládì gbé pákó àti òòlù, ó kan fèrèsé pa. Nínú gbogbo àgbà tó pé síbẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè pé ojú èèyàn wo ló ń tàn nínú òkùnkùn. Tèmi? Mi ò bá wọn dá sí i. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kàn ń sọ fún àwọn tí kò gbọ́.

Ẹ̀yin ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló yí Bàbá Lándíládì lọ́kàn padà? Agbádá ni. Ó ṣí wọ́dìróòbù lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan láti mú agbádá aṣọ òkè rẹ̀, ó bá a tó hu, funfun àti ewé, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Yàrá rẹ̀ àti balùwẹ̀ ló fẹ̀yìn ti ara wọn. Nígbà tí wọ́n sún wọ́dìróòbù kúrò, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ju ti balùwẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pe púlọ́mbà.

Púlọ́mbà gbẹ́ ògiri, ó bá páìpù kan níbi ìsopọ̀ rẹ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó ti ń jò. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà la fi aṣọ di imú, a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a fi omi wọ́n ògiri díẹ̀ kí eruku rẹ̀ má bàa fò, a wá ha á títí a fi rí búlọ́ọ̀kù. Ohun tí a ha, inú àpò la dì í sí kó tó jáde, a ò gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá ní ìhòòhò. Àjà onípákó tó ti rà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ti oníke sí i. Táìlì, a fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì gbo ó ná, ká tó fi Hypo tí a ti là kun ún, ká tó fi omi ṣàn án. Bíríkìlà fẹ́ rẹ́ ògiri lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì dúró lójú ọ̀nà pé ó di ìgbà tí búlọ́ọ̀kù bá gbẹ. Símẹ́ńtì inú balùwẹ̀ kejì ni wọ́n lò, ohun rere kan ṣoṣo tí mo rí nínú ahun Bàbá Lándíládì.

Wọ́n wá yọ pákó fèrèsé, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Ìyá Ìbejì tún figbe ta. A dìde gìrì. Tóṣì bí i mẹ́rin ló tàn sójú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. Ológbò ìyàwó Bàbá Lándíládì ló jókòó sórí etí ògiri níta, ó ká ìrù, ojú rẹ̀ ń tàn yanran, ó ń wò wá pé kí la fẹ́. Bọ̀dá Télọ̀ ńkọ́? Àárín wa ló wà, ẹ̀bà ló ń jẹ. Ó gbé òkèlè mì, ó fọ ọwọ́, ó ní òun fẹ́ ká ṣèpàdé. Àkùkọ kan àti kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan ló ní a ó fi bẹ òun. Ìyá Ìbejì ní bí ológbò bá wò ó lónìí, ìyẹn ò ní kí télọ̀ má wò ó lánàá. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀, ẹmu nìkan la tíì rí rà.

A ti ṣòfin báyìí. Bí èèyàn bá wẹ̀ tán, kó fi rọ́bà ìnùlẹ̀ fa omi ara ògiri sílẹ̀, kó sì ṣí ilẹ̀kùn kalẹ̀. Kànìnkànìn kálukú ń bá a lọ sí yàrá. Ọjọ́ Sátidé, yàrá kan á gbo táìlì, á yí kálẹ̀. Èéhù ò kú o. Nínú òjò Oṣù Kẹsàn-án, tóótòòtó mélòó kan tún yọ ní igun òkè, àmọ́ wọ́n nù wọ́n kí wọ́n tó rí ẹbí pè.

Ìjà tuntun tó wà nílẹ̀ ni pé fèrèsé tó ń gbé oru jáde, ohùn náà ló ń gbé jáde. A ti mọ ẹni tó ń dárin tí kò mọ orin. A ti mọ ẹni tó ń bá ara rẹ̀ ṣírò gbèsè. Ní ìdájí ọjọ́ kan, Bàbá Lándíládì jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń rin orín, ló bá gbọ́ tí ẹnì kan ń gbàdúrà kíkan-kíkan nínú balùwẹ̀ pé kí Ọlọ́run gba owó ilé tuntun lẹ́nu onílé yìí. Ó ní àfi kí wọ́n dí fèrèsé padà. Mo ní ká má rí i. Ẹni tó bá ní àdúrà ìkọ̀kọ̀, yàrá rẹ̀ ni kó ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, kó ṣí fèrèsé.